Èéfín Tí Ìyá Àgbà Lé Jáde Nílé Ìdáná

Ìwé tí wọ́n kà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a sin Ìyá Àgbà dùn ún gbọ́. Wọ́n ní oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni tahùn síra rí. Níbi tí mo jókòó sí, mo rí i tí èjìká àwọn ìyá tó wà níwájú mi ń gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn yíjú padà tí mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Oníwà pẹ̀lẹ́ kẹ̀! Ìyá Àgbà wo? Obìnrin tó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ, kó wo iná tó o dá títí, kó wá bi ọ́ bóyá gbogbo ìlú Ìyẹrè lo fẹ́ sè jẹ?

Èmi Yétúndé, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò bá ẹni tó kọ ìwé náà jà. Ohun tí wọ́n máa ń kọ nípa òkú ló kọ. Ṣùgbọ́n inú bí mi pé ó parí ìwé náà láì dárúkọ ààrò, bẹ́ẹ̀ ààrò ni gbogbo ìlú fi mọ obìnrin náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Kì í ṣe ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò mọ gbogbo rẹ̀, òun náà ò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wádìí òun. Ohun tí mo fojú rí ni. Èdè Ọ̀wọ̀ ló sì máa ń sọ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Mo yí i sí èyí tí gbogbo Yorùbá ń kà ni, kí àwọn àlejò má bàa máa béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí Ìyá Àgbà kórìíra jù láyé ni iná tó ń jó lásán. Bí ọbẹ̀ bá ti jinná, kí wọ́n tó bù ú sáwo rárá, á ti fa igi jáde, á ti ki orí rẹ̀ bọ iyanrìn. Ẹ̀yinná tó bá kù, kò gbọdọ̀ kú lásán, omi ìwẹ̀ ló ń gbé lé e. Ẹ̀wà kò gbọdọ̀ dé orí iná láì sùn nínú omi. Bí o bá sì gbé ìkòkò kaná tí o kò fi ọmọrí dé e, o ti dáràn nìyẹn. "Ṣé ojú ọ̀run lo ń sè fún ni?" Bẹ́ẹ̀ ló máa bi ọ́, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́, bí kẹrosíìnì bá wà, àtùpà kan ṣoṣo ló ń tàn fún gbogbo ilé, a ó sì yí i ká, ẹni tó ń kàwé, ẹni tó ń ranṣọ, ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá lo ọlidé ráhùn pé òun kò ríran dáadáa. Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé: "Iná náà tó. Orí tó o gbé síwájú rẹ̀ ló tóbi."

Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni bàbá mi mú mi wá láti Àkúrẹ́, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun kí n sì máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dáná, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé mo lágbára. Mo kó igi sábẹ́ ìkòkò iṣu títí iná fi ń lá ògiri. Ìyá Àgbà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku méjì. Mo wò ó pé iṣu yìí ò ní jinná láyé. Ó jinná. Ó gún un, a jẹ ẹ́ tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀rọ̀: "Ìkòkò ni kó gbóná, Yétúndé. Ògiri ò jẹ iyán."

Ẹ má rò pé ahun ni. Ẹni tó bá wọlé rẹ̀ á jẹun, á sì gbé dání lọ. Igi ló ń ṣọ́. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun dé ilé ọkọ, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ti ń ṣẹ́ igi. Nígbà tí èmi fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn agégẹdú ti kó àwọn igi ńlá lọ, oko kòkó sì ti gba èyí tó kù. A ó rìn kọjá oko gbogbo ènìyàn kí á tó rí igi gbígbẹ, ẹrù náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọrùn bọ inú àyà. Àwọn obìnrin ń jà nítorí igi tí wọ́n ṣẹ́ nínú oko ara wọn. Kẹrosíìnì kì í sì í wà nígbà tí a bá wá a. Bí àwọn kan bá ń sọ pé ìgbà ti le, Ìyá Àgbà a máa ní: "Ẹsẹ̀ mi ò kúrú sí i o. Igbó ló ń sá."

Bí ọ̀rọ̀ ààrò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó lọ kí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó bímọ ní Ìdógun, ó sì bá àwọn tó ń yan gàrí níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ààrò gàrí: wọ́n á fi amọ̀ mọ ọ́n yíká, agbada á jókòó lé e lórí, ẹnu kan ṣoṣo ni igi ń gbà wọlé. Ẹ̀yin náà ti rí i rí. Èmi náà ti rí i. Ṣùgbọ́n òun wò ó títí, ó rí i pé igi tí àwọn yẹn fi yan gàrí ní gbogbo òwúrọ̀ kò ju èyí tí òun fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tó padà dé, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi sọ fún mi pé kí n lọ mú ọkọ́ wá. Mo ní kí la fẹ́ ṣe. Ó ní: "Kí ló dé tí gàrí nílé, tí ọbẹ̀ ń gbé gbangba?"

Ọ̀rọ̀ ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Òkúta mẹ́ta tó wà nínú ilé ìdáná wa, ìyá ọkọ rẹ̀ ló tò ó. Nínú agbo ilé wa, ibi òkúta yẹn ni wọ́n ti ń fọn iná fún ìyàwó tuntun, kì í sì í ṣe ohun tí ìyàwó ilé kan á dédé tú dànù. Àwọn ọkọ rẹ̀ nínú ilé, ìyẹn àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kù láyé, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Àgbà kò bá wọn jiyàn. Ó gbé òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú amọ̀ tútù náà, ó fi wọ́n ṣe ẹsẹ̀ ààrò tuntun, ó sì fi amọ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó pè wọ́n wá wò ó. "Ìyá ọkọ mi ṣì ló gbé ìkòkò dúró. Mo kàn wọ aṣọ fún un ni." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ààrò àkọ́kọ́ yẹn sán yẹ́bẹyẹ̀bẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó tún un mọ, ó lọ bu amọ̀ òkìtì ikán, ó gé koríko wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, a fi ẹsẹ̀ pò ó títí orúnkún mi fi ń dùn mí. Èyí ò sán. Ṣùgbọ́n èéfín! Háà. Èéfín tó ti máa ń fọ́n ká tẹ́lẹ̀ wá gba ẹnu igi jáde, ojú mi ló gbà. Mo sọ fún un pé ọbẹ̀ ti rílé, àwa la ò rílé mọ́.

Bàbá Ráṣídì ló gbà wá. Ará àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni, mùsùlùmí, ó ń fi àgékù páànù ṣe àtùpà àti gárawa, ó sì máa ń kó wọn wá tà ní Ìyẹrè lọ́jọ́ ọjà. Ìyá Àgbà ra àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì fà á lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná kí ó wá wo wàhálà òun. Ọkùnrin náà wọlé, ó sáré jáde, ó ń wúkọ́, ó ń nu ojú. Ó ní, "Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà mọ́ ọn lára, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkùnrin yẹn ní Lèmọ́mù, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe lèmọ́mù. Bí ọkùnrin náà ṣe ká páànù rogodo bí ọ̀pá nìyẹn, ó ki ìdí rẹ̀ bọ ẹ̀yìn ààrò, ó gbé ẹnu rẹ̀ gba ara ògiri jáde síta. A dáná. Èéfín gba inú ọ̀pá náà lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo dúró nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ yẹn, ojú mi gbẹ, mo ń wo ìkòkò tó ń hó, ó ń ṣe mí bí i pé ilé ẹlòmíràn ni mo wà.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin ìlú ti ń wá wò ó. Kò pẹ́ tí ó fi di ọ̀wẹ̀. Ní Sátidé, àwọn obìnrin tó bá fẹ́ràn rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, á kóra jọ sílé ẹni tó kàn, wọ́n á bu amọ̀, wọ́n á pò ó, wọ́n á mọ ààrò fún un. Ẹni tí wọ́n mọ tirẹ̀ tán gbọ́dọ̀ jáde bá wọn mọ ti ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó gba ohunkóhun, àfi oúnjẹ tí onílé bá sè. Ìyá Àgbà ló ṣòfin: ẹni tí wọ́n bá mọ ààrò fún gbọ́dọ̀ gé ẹ̀ka àgúnmánìyè, igi tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń yára hù, kó rì í mọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yíká, kó lè máa rí igi gé níbẹ̀ bí ọdún bá ti yí. Èèpo kòkó gbígbẹ, ṣùkù àgbàdo, èèpo èkùrọ́, kò sí èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ dà sí ààtàn mọ́. Nígbà ààwẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti ń bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó ń gbààwẹ̀ lè ṣíwọ́ kí oòrùn tó mú. Àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì kùn nípa èyí. Ó ní kí wọ́n máa sùn, kí wọ́n wá bá wa nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Bàbá mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti ra sítóòfù oníkẹrosíìnì fún ìyá rẹ̀, èyí tó ń dán, Ìyá Àgbà sì ń gbé igbá ata lé e lórí. Nígbà tó wálé tó rí ìyá rẹ̀ tí amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Màmá, ẹ ń dójú tì mí. Wọ́n á ní mo wà ní Àkúrẹ́, ìyá mi ń po ẹrẹ̀ kiri ìlú." Ìyá Àgbà ní kó lọ wá kẹrosíìnì wá, kí àwọn fi sítóòfù rẹ̀ se oúnjẹ ọ̀sán. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó lọ títí dé Ọ̀wọ̀, ó padà pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù òfìfo àti òùngbẹ. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti jinná lórí ẹrẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó sì béèrè òmíràn. Ìyá rẹ̀ bù ú fún un, ó ní: "Rọra jẹ ẹ́ o, kí ojú má bàa tì ọ́."

Ẹni tó pẹ́ jù kó tó gbà ni Ìyá Fọlá. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti obìnrin yìí dáadáa, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ já sí. Opó ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ó sì jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ Ìyá Àgbà. Kò ní kòkó. Oko àgbàdo kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń mú irúgbìn fún ọdún tó ń bọ̀. Ó máa ń wá bá wa ṣe ọ̀wẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ ilé tirẹ̀, á ní òkúta mẹ́ta ti tó òun. Kò sọ ìdí rẹ̀. Bóyá òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ò jẹ́ kó sinmi. Lójú ọ̀nà odò, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ní kó wo ojú ara rẹ̀ bí ó ti pọ́n, kó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ kékeré ti ń wúkọ́. Ó yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi gbà. A mọ tirẹ̀, ó dúró dáadáa, ikọ́ ọmọ náà sì lọ. Ìyá Àgbà ń yọ̀ kiri bí ẹni tó bímọ ọkùnrin.

Nígbà tó di ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, tí oníkálùkù ń múra àtigbin àgbàdo, Ìyá Fọlá wọ agbo ilé wa ní òwúrọ̀. Ó gbé igbá dání. Kò kí ènìyàn púpọ̀. Ó gbé igbá náà sílẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó mú àgbàdo kan nínú rẹ̀, ó fi lu etí igbá. Ìyẹ̀fun ló dà jáde. Kòkòrò dúdú wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ń sá káàkiri nínú ìyẹ̀fun náà. Ó mú òmíràn, bákan náà ni. Ó ní gbogbo èyí tó wà lórí àjà òun ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ìletò wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àjà jẹ́. Òkè ààrò ni, wọ́n á fi ọparun tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri, orí rẹ̀ ni àgbàdo irúgbìn ń gbé láti ìkórè títí di ìgbà gbígbìn, pẹ̀lú èèpo rẹ̀ lára. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni èéfín ti ń gun orí rẹ̀, tó ń kun àgbàdo náà dúdú, kòkòrò kì í sì í súnmọ́ ọn. Kò sí ẹni tó máa ń rò ó, nítorí kò sí ìgbà tí èéfín ò sí. Àwa la wá ki èéfín bọ inú páànù, a gbé e síta. A ń yọ̀ pé ojú wa gbẹ, òkè orí wa sì ń jẹrà. Ìyá Fọlá ò pariwo. Ó kàn sọ pé: "Màmá, ẹ̀ṣọ́ wa lẹ lé lọ."

Ìyá Àgbà gun orí àjà tiwa fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n gùn ún. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ìyẹ̀fun wà lórí gèlè rẹ̀. Kí ọjọ́ tó kanrí, ìròyìn ti kárí: gbogbo ilé tí a mọ ààrò fún ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní kòkó ráhùn lásán, wọ́n á rí jẹ. Àwọn bí Ìyá Fọlá, ebi ọdún kan ni.

Ní Sátidé yẹn, wọn ò wá ṣe ọ̀wẹ̀, wọ́n wá bá wa jà ni. Àwọn kan mú ọkọ́ dání, wọ́n ní àwọn ń lọ fọ́ ààrò àwọn, tiwa ni àwọn á sì fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ráṣídì náà wà níbẹ̀, ó sì ti ń di ẹni ìbú: wọ́n ní páànù rẹ̀ ló fa ọ̀ràn, ẹlòmíràn tiẹ̀ fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà dìde. "Ẹ fi í sílẹ̀. Páànù ò lẹ́nu. Ẹnu mi lẹ gbọ́, ìmọ̀ràn mi lẹ gbà, èmi ni mo ṣi yín lọ́nà." A ò gbọ́ ọ rí kí obìnrin yìí ní òun ṣì í. Èmi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnu yà mí.

Ó wá rìn lọ síbi tí Ìyá Fọlá dúró sí, ó sì kúnlẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìyá àgbàlagbà, níwájú ẹni tó lè bí lọ́mọ, ní gbangba, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Fọlá figbe ta: "Yéè! Màmá, ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?" Ó da ara rẹ̀ délẹ̀ gbalaja kí ó má bàa ga ju àgbà lọ. Ìyá Àgbà náà wá tẹ orí mọ́lẹ̀ sí i. "Ìwọ dìde!" "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde, Màmá!" "Mo ní kó o dìde, àbí o ò gbọ́ ni?" Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń bára wọn jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde, àwọn tó mú ọkọ́ dání sì ń wò wọ́n, ọkọ́ ń wálẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bàbá Ráṣídì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ ọ́ pé: "Irúgbìn mi tó wà lóko, tìrẹ ni."

Irúgbìn kan kù lóòótọ́. Ìyá Àgbà máa ń pín tirẹ̀ sí méjì, ìdajì nílé, ìdajì nínú abà oko, níbi tí òkúta mẹ́ta ṣì wà, tí èéfín sì ń gun àjà bó ti ń gùn ún láti ìgbà ìyá ọkọ rẹ̀. A lọ kó o wá. Ó fún Ìyá Fọlá ní tirẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú kún igbá rẹ̀. Ó pín èyí tó kù fún àwọn tí kò ní kòkó. Èyí tó kù fún òun fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Oko tiwa lọ́dún yẹn kéré débi pé ọbọ ò yà síbẹ̀. Bàbá mi ní òun á máa fi oúnjẹ ránṣẹ́. Ó ń fi ránṣẹ́ lóòótọ́, Ìyá Àgbà ń jẹ ẹ́, ó sì ń ráhùn pé ìrẹsì Àkúrẹ́ ò ládùn.

Ohun kan ṣoṣo ló bẹ àwọn obìnrin náà: kí wọ́n fún òun ní ọdún kan, kí wọ́n má tíì fọ́ ààrò. Àwọn kan gbà, àwọn kan ti fọ́ tiwọn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ mú ọkọ́ dání lọ sọ́dọ̀ Ìyá Fọlá. Ó ní òun ò lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́, bí ó bá fẹ́ kí òun fọ́ ààrò náà, òun fúnra òun á fọ́ ọ kí òun tó lọ. Ìyá Fọlá gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í ti ògiri. "Ọmọ mi ò wúkọ́ mọ́, Màmá. Ẹ lọ wá nǹkan ṣe sí i."

Ìyá Àgbà àti Bàbá Ráṣídì jà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọjà. Èyí ní kí wọ́n tún èéfín dá sínú ilé, èyí ní ojú ta ni kí ó tún gbà. Ìyá Àgbà ló wá bi í léèrè pé ta ló ní dandan ni kí èéfín gba ara ògiri jáde. Wọ́n gé ọ̀pá páànù náà kúrú, wọ́n gbé e dúró sókè tààrà, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ sórí àjà. Wọ́n fi amọ̀ rẹ́ abẹ́ ọparun àjà náà kí èéfín má bàa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ṣí ihò sílẹ̀ fún un lábẹ́ òrùlé kó lè jáde lẹ́yìn tó bá ti yí àgbàdo ká. Kí ẹ̀ta iná má bàa fò mọ́ àgbàdo, Bàbá Ráṣídì fi ìṣó lu agolo mílíìkì wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, ó fi dé ẹnu ọ̀pá náà. Ilé Ìyá Fọlá ni wọ́n kọ́kọ́ ti ṣe é, nígbà ìkórè, òun náà ló sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ọkàn Ìyá Àgbà ò balẹ̀. Kò gun orí àjà tiwa, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń wo ọ̀nà ilé obìnrin náà. Bí mo bá ní kí ó jẹ́ kí n lọ wò ó, á ní ojú mi ò ní lé kòkòrò. Àwọn tí wọ́n ti fọ́ ààrò wọn ń dúró, àwọn tí wọn ò fọ́ ọ náà ń dúró. Ó sì mọ̀ pé bí irúgbìn Ìyá Fọlá bá tún bàjẹ́, kò sí irúgbìn kankan lóko mọ́ tí òun lè fún un.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà ti wọṣọ, ó ní ká lọ. Ìyá Fọlá gun àkàbà, ó gbé àgbàdo sọ̀ kalẹ̀ nínú agbọ̀n, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó na agbọ̀n náà sí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà kọ̀, ó ní, "Tìrẹ ni. Ìwọ ṣí i." Ìyá Fọlá bó èèpo ọ̀kan. Ó fi lu àtẹ. A tẹríba, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, à ń wo ojú àtẹ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìdọ̀tí èèpo. Ó bó òmíràn, ó lù ú, ó lù ú. Hóró rẹ̀ pọ́n, ó le koko. Ó bó òmíràn sí i. Nígbà tó yá kò lu àtẹ mọ́, ó kàn ń bó o ni, ó ń kó wọn jọ síwájú Ìyá Àgbà, ó ń sọ pé, "Ẹ wò ó, Màmá. Ẹ wò ó."

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí ìdáná, ó fi etí ìró rẹ̀ bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. N kò rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, wọ́n ní kò sunkún. N kò mọ ibi tí n ó wò.

Ó ní, "Èéfín ni."

Ìyá Fọlá wo ilé ìdáná náà yíká, láti ilẹ̀ dé abẹ́ àjà. Iná wà nínú ààrò, omi ẹ̀kọ ń hó lórí rẹ̀. Ó ní, "Èéfín wo, Màmá?"

Ìyá Àgbà nu ojú rẹ̀, ó fun imú, ó fa agbọ̀n náà mọ́ra. "Ẹ yín àgbàdo," ó ní, "ẹ yé wò mí. Òjò ò ní dúró dè yín."